Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ nípa òkúta àti ilẹ̀ agbègbè wa?

Ìbéèrè:

Tíṣà jíọ́gíráfì ni mí l'Ábẹ́òkúta, SS1 ni mo ń kọ́. Ilé-ìwé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ra prójẹ́kítọ̀, ọ̀gá wa wá ní kò sídìí tí mo tún fi fẹ́ máa kó ọmọ jáde lọ wo òkúta mọ́, ó ní gbogbo ẹ̀ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí n wa fídíò sórí fóònù kí n fi hàn wọ́n. Gbogbo fídíò tí mo rí, ti Amẹ́ríkà àti Iceland ni. Àwọn ọmọ gbádùn ẹ̀ gan-an o, àmọ́ nígbà tí mo bi wọ́n pé irú òkúta wo ni Olúmọ, ẹni mẹ́jọ ló sọ pé fọ́kénò (òkè tó ń yọ iná) ló pọ̀ ọ́ síta. Ṣé kí n pa fídíò tì ni àbí kí n lọ bá ọ̀gá mi fà á?

* * *

Ká tó dé ọ̀rọ̀ ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tún ti Olúmọ ṣe ná, torí àṣìṣe yẹn ò ti ọwọ́ àwọn ọmọ wá. Fídíò fi iná pupa tó ń ṣàn bí ọ̀gì hàn wọ́n, ó ní báyìí ni àpáta ṣe ń dá, àwọn náà wá gbé e lọ sí àpáta kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀. Olúmọ ò ṣàn lójú ilẹ̀ rí. Gíráńáìtì ni. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ní ọ̀pọ̀ kìlómítà, ló ti rọra dì, nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ilẹ̀ ńláńlá ń ti ara wọn, tí ilẹ̀ Áfíríkà ń so pọ̀. Òjò, oòrùn àti àgbàrá ló wá ń bó ilẹ̀ orí ẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀ títí tó fi yọrí síta.

Báwo lọmọ ṣe máa gbà á gbọ́? Kó wo ara òkúta náà ni. Òkúta tó bá yára tutù, wóró inú ẹ̀ á kéré débi pé ojú lásán ò ní rí i. Èyí tó bá pẹ́ kó tó tutù, wóró inú ẹ̀ á ráyè dàgbà. Ti Abẹ́òkúta yìí sì tóbi dáadáa.

Èmi náà tíṣà ni, ọdún kan mo mú àfọ́kù kan tí mo ṣà nídìí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wá sí kíláàsì (ẹ má gbẹ́ Olúmọ o, ogún ìbí ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi hámà kàn án). Mo ní kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi sí i láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì gbé e súnmọ́ ojú, ó ń yí i síwá sẹ́yìn, ló bá ní "Sà, ó ń ṣẹ́jú!" Feldspar ló rí, èyí tó funfun rẹ́súrẹ́sú, tí ojú ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi táìlì, tó bá ti kan ìmọ́lẹ̀ á kọ mànà lẹ́ẹ̀kan náà, tẹ́ ẹ bá sì yí i díẹ̀ á kú. Ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó gùn ju oríkèé ìka ẹ̀ lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni quartz wà, tó dà bíi dígí tó dọ̀tí, àti mica dúdú tí wọ́n fi èékánná ṣí ní abala abala bí ìgbà téèyàn ń ṣí bébà. Mo wá bi wọ́n pé wóró tó gùn tó báyìí, ṣé ìṣẹ́jú kan ló fi dàgbà ni? Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ fọ́kénò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá fi fídíò Iceland hàn wọ́n. Tẹ́lẹ̀, ìran lásán ni wọn ì bá fi ṣe. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n ń wò ó láti mọ bó ṣe yàtọ̀ sí tiwa. Fídíò yẹn náà ni o, ipò tẹ́ ẹ bá gbé e sí ló yàtọ̀.

* * *

Mo ti ka ohun tí gbogbo yín kọ sókè yìí. Ọ̀nà méjì lọ̀rọ̀ pín sí.

Àwọn kan ní íntánẹ́ẹ̀tì ti tó, pé ta ló fẹ́ kó ogójì ọmọ sínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú owó epo tó wà níta yìí, tí ẹnì kan bá yọ̀ ṣubú lórí àpáta ńkọ́, ṣebí tíṣà ni wọ́n máa dì mú. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, èmi náà ti kó sí i rí: níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n gba owó ìrìn-àjò lọ́wọ́ àwọn òbí, bọ́ọ̀sì ò dé, wọn ò sì dá owó náà padà, èmi ni àwọn òbí ń pè. Torí náà mi ò ní sọ pé ọ̀rọ̀ owó ò le.

Àwọn kejì ní fídíò ò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan, pé nígbà tiwọn hámà àti àpò èjìká ni wọ́n fi ń kọ́ jìọ́lọ́jì. Ìyẹn ni mi ò gbà rárá. Ẹni tó dúró nídìí Olúmọ ò lè rí Olúmọ tán. Ògiri òkúta ló ń rí, kò lè mọ bí àwọn àpáta yòókù ṣe tò lọ lẹ́yìn ẹ̀. Ojú òkè lèèyàn ti ń rí ìyẹn. Ẹ ṣí Google Earth, ẹ lọ sí Ìdànrè, ẹ tẹ ojú ìwòran kó dùbúlẹ̀, ẹ wo bí àwọn òkè yẹn ṣe rí roboto, orí wọn pá kalẹ̀, igbó wá dí àárín wọn. Ọmọ tí ò tí ì dé Ìdànrè rí á rí àwọn ìlà tààrà tó gé àwọn òkè náà kọjá, ojú ibi tí àpáta ti là ni, ibẹ̀ náà lomi àti igi ń tọ̀. Ẹ wá lọ sí Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun (limestone), ẹ máa rí kòtò ńlá funfun láàárín ewéko. Tó bá jẹ́ Google Earth Pro tó wà fún kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè fa àkókò sẹ́yìn kẹ́ ẹ sì rí bí kòtò yẹn ṣe ń fẹ̀ láti ọdún dé ọdún.

Ọ̀rọ̀ dátà àti iná: mi ò gbẹ́kẹ̀ lé wáyà tàbí nẹ́tíwọ̀kì nínú kíláàsì mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo máa ń ṣí gbogbo ibi tí mo fẹ́ fi hàn, màá ya fọ́tò ojú fóònù mẹ́fà tàbí méje, màá tò wọ́n sínú fódà kan. Ẹ tún wo Kiwix. Áàpù ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè fi wa odindi Wikipedia tàbí apá kan ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ìyẹn kò gba dátà mọ́, ti Yorùbá náà wà ńbẹ̀.

* * *

Ẹni tó bi mí pé "níbo ni ká ti rí òkúta láìgun bọ́ọ̀sì", ìbéèrè tó dáa nìyí.

Nínú ọgbà ilé-ìwé yín! Lọ́jọ́ kan iná lọ nígbà tí mo ń fi àwòrán hàn lọ́wọ́, kíláàsì ṣókùnkùn, ariwo sọ. Mo ní ó yá, gbogbo wa síta. Wọ́n ń kọ́ kíláàsì tuntun lẹ́yìn pápá bọ́ọ̀lù, típà ti da gíráńáìtì kalẹ̀ níbẹ̀, èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń po kọnkéré. Mo ní kí kálukú ṣa márùn-ún tí ò jọra. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ti kó oríṣi mẹ́rin sílẹ̀: èyí tó ní wóró ńlá, èyí tí wóró ẹ̀ kéré, dúdú kan tó wúwo, àti èyí tó ní ìlà funfun ìlà dúdú bí aṣọ òfì. Ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà ló wá sọ fún wọn pé gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní gíráńáìtì lọ́jà, pé tó bá ti le tó sì ti jẹ́ wẹ́wẹ́, gíráńáìtì ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: orúkọ ọjà yàtọ̀ sí orúkọ ìwé. Èyí tó ní ìlà yẹn, gneiss ni ìwé ń pè é, òkúta míì ló jẹ́ tẹ́lẹ̀ kí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó yí i padà nínú ilẹ̀. Òun ló kún abẹ́ Ìbàdàn. Òkè Mápó tí gbọ̀ngàn wà lórí ẹ̀ yẹn ní tiẹ̀, quartzite ni, yanrìn tó yí padà ni, ó le débi pé ìgbà tí ilẹ̀ tó yí i ká ń jẹrà lọ, òun dúró.

Ẹ tún bi wọ́n léèrè ọlọ ìyá àgbà. Kí ló dé tí wọn kì í fi òkúta ẹfun ṣe ọlọ? Ọmọ á dáhùn kíá pé á máa bó sínú ata. Òye líle òkúta nìyẹn o, tí ìwé fi ojú ewé méjì ṣàlàyé.

* * *

Ti bọ́ọ̀sì bá wá ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ má lọ sí ọgbà ẹranko, ẹ gba ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Èkó. Mo gbà pé nínú gbogbo ọ̀nà tó wà nílẹ̀ Yorùbá, kò sí èyí tó ń kọ́ni ní jìọ́lọ́jì tó o. Ẹ gbéra lórí àpáta ọlọ́jọ́ pípẹ́, kò ní pẹ́ tí àpáta á wọlẹ̀, ilẹ̀ á di yanrìn àti amọ̀, ẹ dé Ewékorò ẹ bá òkúta ẹfun, ẹ kọjá Pápá Àlàńtó, Ìfọ̀, dé Sángò, ilẹ̀ pupa ló kù lọ́tùn-ún lósì, àpáta kankan ò yọjú mọ́ títí dé etí òkun. Àpáta Abẹ́òkúta ò tán o, ó rọra rì sábẹ́ gbogbo ìyẹn ni, bí ìgbà tí wọ́n tẹ́ ẹní lé ẹní. Kí ọmọ kan máa kọ àwọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún láti ojú fèrèsé, kí ẹlòmíì máa wo fóònù kó máa dárúkọ ibi tí wọ́n dé. Nígbà tí wọ́n bá padà, kí wọ́n fi wé máàpù Nigerian Geological Survey Agency, àjọ tí ìjọba ti dá sílẹ̀ láti 1919. Ibi tí àwọ̀ máàpù bá ti yí, wọ́n á rí i pé àwọ̀ ilẹ̀ tí àwọn kọ náà yí.

Ibi ìwakùsà, ẹ má yà síbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Wọ́n ń fi àdó fọ́ òkúta níbẹ̀. Ẹ lè rí àfọ́kù òkúta ẹfun tọrọ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá rí i: ẹ lọ̀ ọ́ kúnná díẹ̀, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Á hó, á yọ ìfófòó. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyẹ̀fun gíráńáìtì, kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ ṣe é fún èèpo ẹyin, á hó. Fún ìkarahun ìgbín, á hó. Ẹ dákẹ́ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó. Ẹnì kan á béèrè pé kí ló pa ìkarahun ìgbín pọ̀ mọ́ òkúta Ewékorò. Ohun kan náà ni wọ́n jẹ́! Òkun ló bo ibẹ̀ nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ìkarahun àwọn ẹran omi ló kó jọ tó di òkúta, òun náà la wá ń jó pẹ̀lú amọ̀ nínú iná tó tó 1,450°C láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì látọdún 1960. Ilé tí ọmọ yẹn ń gbé, ìkarahun wà nínú ẹ̀.

Mo rí ẹnì kan sókè tó ní òun ń lo omi bátìrì mọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ó ń jó awọ, ó ń fọ́ ojú, kò tiẹ̀ wúlò fún iṣẹ́ yẹn, torí ìṣẹ́jú díẹ̀ ni á fi bo ara òkúta náà pẹ̀lú nǹkan funfun kan tí kò ní jẹ́ kó hó mọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ ti tó.

* * *

A ti ń yà sọ́nà, àmọ́ mi ò lè kọjá ti Ìkọ́gòsì yìí. Ẹnì kan ní omi gbígbóná Ìkọ́gòsì fi hàn pé fọ́kénò wà lábẹ́ Èkìtì. Kò sí fọ́kénò lábẹ́ Èkìtì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ibi tí fọ́kénò ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, Biu àti òkè Jos ni kẹ́ ẹ lọ, àwọn yẹn náà ti kú. Òjò ló ń gba inú àlàfo quartzite wọlẹ̀ ní Ìkọ́gòsì, ó ń lọ jìnnà, bẹ́ẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣe ń jìn ló ń gbóná, omi náà á wá gba ibi lílà míì yára gòkè kó tó tutù tán. Nǹkan bí 38°C ló ń jẹ́ tó bá yọ, díẹ̀ ló fi ju ooru ara èèyàn lọ. Ó wá lọ pàdé omi tútù tó ti ibòmíì wá, ìyẹn ni gbogbo èèyàn ń lọ wò. Ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ lórí fóònù báyìí náà ti sọ ti fọ́kénò yẹn fún ọmọ kíláàsì mi kan rí. Mo ní kó bi í pé èwo ni ẹ̀rí ẹ̀, ló bá yí ohùn padà. Ẹ kọ́ wọn láti máa béèrè bẹ́ẹ̀.

* * *

"Tí mo bá fi Yorùbá kọ́ wọn, WAEC ńkọ́?"

Mo ti ń retí ìbéèrè yìí. Èdè Òyìnbó ni WAEC, kò sẹ́ni tó jiyàn. Àmọ́ ẹ rántí Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí Babs Fafunwa àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ àyàfi Òyìnbó ní 1970, Òyìnbó gan-an ò bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn, wọ́n ṣe dáadáa sí i ni. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé òye ni mo fi Yorùbá gbé kalẹ̀, orúkọ ni mo fi Òyìnbó kọ sójú pátákó. Mi ò fẹ́ràn kí tíṣà jókòó máa hun ọ̀rọ̀ gígùn tí ẹnikẹ́ni ò sọ rí, nígbà tí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ò tí ì tán. Yangí ńkọ́? Odindi ẹ̀kọ́ kan ni: ilẹ̀ tí òjò ti fọ̀ fún ìgbà pípẹ́, tó kó gbogbo nǹkan tó lè yòrò lọ, tó ṣẹ́ ku irin, ìyẹn ló fi pupa bí ìpẹtà. Ọmọ tó mọ yangí tó fi ń ṣe ojúbọ Èṣù nílé bàbá bàbá ẹ̀ ti fọwọ́ kan laterite kí tíṣà tó dárúkọ ẹ̀. Ọ̀dà ilẹ̀ Àgbábù ní Oǹdó ńkọ́, tó ń sun jáde fúnra ẹ̀? Amọ̀, ẹfun, yanrìn, ọta, àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò mọ irú amọ̀ tó ń sán nínú iná àti èyí tí kì í sán. Ẹ pè wọ́n wá sí kíláàsì!

* * *

Àwọn ọmọ kì í lóye 600 mílíọ̀nù ọdún. Àwa náà ò lóye ẹ̀. Okùn ni mo ń lò, mítà mẹ́rin àti sẹ̀ǹtímítà ọgọ́ta, mìlímítà kan dúró fún mílíọ̀nù ọdún kan. Ìbẹ̀rẹ̀ okùn ni ìbẹ̀rẹ̀ ayé, òpin ẹ̀ ni òní. Ẹ ka mítà méjì àti díẹ̀ padà láti òpin, ibẹ̀ làwọn kan nínú gneiss Ìbàdàn wà. Sẹ̀ǹtímítà ọgọ́ta, gíráńáìtì. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ààbọ̀, ibẹ̀ ni dáínósọ̀ parí sí. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, òkun wà l'Éwékorò. Àwọn Ẹ̀gbá wá sá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, mo ní kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tọ́ka sí i lórí okùn. Wọ́n gbìyànjú títí. Abẹ́rẹ́ fẹ̀ jù ú lọ.

* * *

Ẹni tó ní gbogbo èyí ò wúlò fún òbí tó ń wá èrè: kànga ńkọ́? Mo gbé iṣẹ́ àṣetiléwá kan fún wọn, kí kálukú lọ béèrè nílé pé kànga wọn jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mélòó, kí ni wọ́n gbẹ́ jáde, ṣé ó ń gbẹ ní oṣù kejì tàbí ìkẹta. A lẹ ìdáhùn wọn mọ́ máàpù tí a fọwọ́ yà sórí káádíbọ́ọ̀dù. Àwọn tó wà lórí òkè àpáta, kànga wọn ò jìn, ó ti kan òkúta, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń gbẹ. Nínú ilẹ̀ tó ti rà lórí àpáta àti nínú àwọn ibi tó là nìkan lomi wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹnì kan á fi gbẹ́ bọ́ọ̀hò tí omi á ya, tí aládùúgbò ẹ̀ á ná owó kan náà tí kò ní rí nǹkan kan. Bàbá ọmọ kan ti fẹ́ gbẹ́ bọ́ọ̀hò, ó wá sí ilé-ìwé wá wo káádíbọ́ọ̀dù náà kó tó pe ẹni tó máa wọn ilẹ̀ fún un.

* * *

Tíṣà wa tó béèrè, ní ti ọ̀gá yín: ẹ má bá a fà á. Ẹ sọ fún un pé ẹ máa lo prójẹ́kítọ̀ ẹ̀, tọkàntọkàn. Ọ̀sẹ̀ kìíní, gíráńáìtì inú ọgbà, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, Google Earth, Olúmọ, Ìdànrè, Ewékorò. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ọsàn wẹ́wẹ́ àti okùn. Fídíò Iceland, ẹ gbé e sí ìkẹyìn. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì, ẹ má tíì dárúkọ ẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wọ kíláàsì yín lọ́jọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn kó rí ojú àwọn ọmọ.

Ẹ sì ra ṣẹ́lótéèpù. Gbogbo òkúta tẹ́ ẹ bá ṣà, ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ ọn lára, ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti mú un, ọjọ́, àti orúkọ ọmọ tó ṣà á, torí tó bá di ọdún tó ń bọ̀ tẹ́ ẹ ṣí páálí yẹn tẹ́ ẹ bá ogún òkúta tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó ti wá, ẹ máa dà á nù ni.